Àdéhùn Núkílíà Bràsíìlì àti Jámánì Ọdún 1975, àti Àríyànjiyàn Tí Ó Bí

Ní etíkun Angra dos Reis, ní ìpínlẹ̀ Rio de Janeiro, ibì kan wà tí à ń pè ní Itaorna. Èdè Tupi ni orúkọ náà ti wá, ìtumọ̀ tí wọ́n sì máa ń fún un ni “òkúta jíjẹrà”. Ibẹ̀ ni ìjọba ológun Bràsíìlì yàn láti kọ́ àwọn ilé amúnáwá núkílíà rẹ̀ sí. Ní ọdún 1985, lẹ́yìn òjò líle, ilẹ̀ ya láti orí òkè, ó sì bo yàrá àyẹ̀wò kan ní ọgbà ilé iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀. Àwọn tó ti ń kìlọ̀ nípa ibẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ orúkọ rẹ̀ fún wọn. Nígbà náà, àríyànjiyàn lórí núkílíà ní Bràsíìlì ti pé ọdún mẹ́wàá, ilẹ̀ yíyà sì kọ́ ni olórí ohun tí wọ́n ń bá ara wọn jà lé lórí.

Àdéhùn kan ni. Ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 1975 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní ìlú Bonn. Antônio Azeredo da Silveira, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè, dúró fún ìjọba Ọ̀gágun Ernesto Geisel. Hans-Dietrich Genscher dúró fún Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn. Jámánì yóò ta ẹ̀rọ amúnáwá tó lè tó mẹ́jọ fún Bràsíìlì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò máa mú iná tó nǹkan bí 1,300 mẹ́gáwáàtì wá. Èyí nìkan kò lè dá ìjà sílẹ̀. Ẹ̀rọ amúnáwá kan ti wà lórí ìkọ́lé ní Itaorna ṣáájú àdéhùn náà, Angra 1, tí wọ́n rà lọ́wọ́ Westinghouse ti Amẹ́ríkà, kò sì sí ẹni tó pariwo lé e lórí. Amẹ́ríkà ló ya àwòrán rẹ̀, Amẹ́ríkà ló rọ ẹ̀rọ rẹ̀, Amẹ́ríkà ni yóò sì máa ta ohun ìdáná fún un. Ohun tó yàtọ̀ nínú àdéhùn Bonn ni pé Jámánì gbà láti kó gbogbo iṣẹ́ náà fún Bràsíìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: wíwá yùréníọ̀mù nínú ilẹ̀, sísẹ́ ẹ, sísọ ọ́ di ohun ìdáná, àti yíyọ èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti jó tán. Kò sí àdéhùn kankan ṣáájú rẹ̀ tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún orílẹ̀-èdè tí kò ní bọ́ǹbù núkílíà.

Sísẹ́ àti yíyọ

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí sísẹ́ yùréníọ̀mù jẹ́ kò ní lóye ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi le tó bẹ́ẹ̀. Yùréníọ̀mù tí a ń wà nínú ilẹ̀ jẹ́ oríṣi méjì tó dàpọ̀ mọ́ra. Èyí tó rọrùn láti fọ́ sí wẹ́wẹ́ kí ó sì mú ooru jáde, tí wọ́n ń pè ní U-235, kò ju nǹkan bí 0.7 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ amúnáwá bí èyí tí Jámánì ń tà fẹ́ kí ó tó nǹkan bí 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, a ní láti sẹ́ ẹ, bí ẹni tó ń sẹ́ ògì, kí èyí tó wúlò lè pọ̀ sí i. Ìyàtọ̀ ni pé oríṣi méjèèjì jọra débi pé kò sí asẹ́ kan ṣoṣo tó lè yà wọ́n; ìgbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni a óò sẹ́ ẹ, díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀kan yóò sì máa pọ̀ ju èkejì lọ. Tí a bá ń bá a lọ títí ó fi di nǹkan bí 90 nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tó wà lọ́wọ́ wa kì í ṣe ohun ìdáná mọ́. Ó ti di ohun tí a fi ń rọ bọ́ǹbù. Ọgbọ́n kan náà ni, iye ìgbà tí a lò ó ló yàtọ̀.

Ọ̀nà kejì gba inú eérú kọjá, bí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀. Bí ohun ìdáná ti ń jó nínú ẹ̀rọ, plùtóníọ̀mù ń dá sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní ilé iṣẹ́ tó lè yọ ọ́ lè tún un lò fún iná, ó sì lè fi rọ bọ́ǹbù. Íńdíà gba ọ̀nà yìí: ní oṣù karùn-ún ọdún 1974, ọdún kan péré kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn Bonn, ó dán ohun abúgbàù kan wò nínú ilẹ̀ pẹ̀lú plùtóníọ̀mù tó ti inú ẹ̀rọ ìwádìí tí Kánádà fún un wá, ó sì ní ti àlàáfíà ni. Bràsíìlì kò tíì fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé ọdún 1968 tó lòdì sí títan bọ́ǹbù núkílíà kálẹ̀. Àwọn aṣojú rẹ̀ sọ pé ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ àwọn tí kò ní, ó sì fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ní. Ó tún ń sọ pé òun ní ẹ̀tọ́ láti bú ohun abúgbàù ti àlàáfíà gbàmù. Lẹ́yìn ohun tí Íńdíà ṣe, gbólóhùn yìí kò dùn létí Washington mọ́.

Ohun tó wà lọ́kàn àwọn méjèèjì

Àwọn ará Bràsíìlì ní ìdí tiwọn. Láàárín oṣù díẹ̀ sí òpin ọdún 1973, iye owó epo rọ̀bì di ìlọ́po mẹ́rin, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú epo wọn. Ní ọdún 1974, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ta yùréníọ̀mù sísẹ́ kéde pé òun kò lè ṣèlérí mọ́ fún àwọn oníbàárà titun, èyí sì kan ẹ̀rọ tí Bràsíìlì ń gbèrò láti kọ́ lẹ́yìn Angra 1.

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan náà wà níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Ọ̀gágun ojú omi Álvaro Alberto, tó jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ra ẹ̀rọ mẹ́ta tí a fi ń sẹ́ yùréníọ̀mù lọ́wọ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Jámánì. Ilẹ̀ Jámánì ṣì wà lábẹ́ àwọn tó ṣẹ́gun rẹ̀ nígbà náà. Ní 1954 àwọn ọmọ ogun Bìrìtéènì gba àwọn ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ìpàṣẹ láti ọ̀dọ̀ aṣojú Amẹ́ríkà ni. Ọdún díẹ̀ kọjá kí wọ́n tó dé Bràsíìlì. Yorùbá ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kì í rí ẹni bá ṣeré. Àwọn ológun Bràsíìlì kò gbàgbé, Jámánì ni wọ́n sì padà lọ bá láti bá ṣeré.

Ọ̀rọ̀ Jámánì kò gùn. Kraftwerk Union, iléeṣẹ́ tó ń rọ ẹ̀rọ amúnáwá núkílíà níbẹ̀, ní òṣìṣẹ́ tó pọ̀ ju iṣẹ́ tó wà nílé lọ, àwọn ará ìlú sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í takò wọ́n. Ẹ̀rọ mẹ́jọ fún oníbàárà kan ṣoṣo jẹ́ ọjà tí kò wọ́pọ̀, yùréníọ̀mù Bràsíìlì sì tún lè wá sí Jámánì gẹ́gẹ́ bí apá kan rẹ̀.

Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbìyànjú láti dá àdéhùn náà dúró kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, kò ṣeé ṣe. Ó wá ní kí ìṣọ́ pọ̀ lórí rẹ̀, èyí sì bọ́ sí i: ní oṣù kejì ọdún 1976, Bràsíìlì, Jámánì àti Àjọ Àgbáyé fún Agbára Átọ́míìkì tó wà ní Vienna jọ fọwọ́ sí ìwé kan tó fi àwọn olùbẹ̀wò sórí gbogbo ohun tí Jámánì bá kó wá, títí kan ọgbọ́n iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí Jimmy Carter gorí oyè ní oṣù kìíní 1977, ó ní èyí kò tó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ igbákejì rẹ̀, Walter Mondale, ti dé Bonn. Kò sì pẹ́ tí Warren Christopher fi dé Brasília. Wọ́n fẹ́ kí sísẹ́ àti yíyọ kúrò nínú àdéhùn. Jámánì kò gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní oṣù kẹfà ọdún yẹn ó ṣèlérí pé òun kò ní ta ọgbọ́n yíyọ plùtóníọ̀mù fún orílẹ̀-èdè mìíràn mọ́ lẹ́yìn Bràsíìlì. Ní oṣù kẹta, ìjọba Geisel fagi lé àdéhùn ìrànwọ́ ológun tó wà láàárín Bràsíìlì àti Amẹ́ríkà láti ọdún 1952. Ìròyìn Amẹ́ríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni wọ́n fi ṣe ìdí. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé núkílíà wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ físíìsì

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣe pàtàkì jù. Ìjọba ológun ti wà lórí oyè láti 1964. Ìwé ìròyìn O Estado de S. Paulo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ ojú ìwé rẹ̀ wò kí ó tó jáde ni, ní oṣù kìíní 1975. Ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti dúnàádúrà àdéhùn náà. Ọbẹ̀ kì í mì ní ikùn àgbà, àwọn ọ̀gágun sì gbà pé àgbà ni àwọn. Wọ́n kò bi àwọn onímọ̀ físíìsì orílẹ̀-èdè náà, tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí núkílíà fún ogún ọdún, ní ohunkóhun. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí i kí ọdún náà tó parí. Ẹgbẹ́ alátakò pàápàá kò lè kọ̀ ọ́: ta ni yóò dìde ní gbangba láti sọ pé Bràsíìlì kò yẹ fún ohun tí àwọn alágbára ní?

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ físíìsì Bràsíìlì dìde. José Goldemberg, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì São Paulo, ni ààrẹ rẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀sùn wọn kò rọrùn láti pè ní ọ̀tẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi lágbára. Wọn kò sọ pé Bràsíìlì kò gbọ́dọ̀ ní ọgbọ́n núkílíà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àdéhùn náà kò ní fún un ní ọgbọ́n náà. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kan ti wà ní Belo Horizonte láti àárín àwọn ọdún 1960, tí wọ́n ń wá bí Bràsíìlì yóò ṣe lo thorium tirẹ̀ láti mú iná wá. Wọ́n ti tú wọn ká kí àdéhùn Bonn tó dé. Ní ti àwọn onímọ̀ físíìsì, ẹni tó bá ra ẹ̀rọ mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́wọ́ àlejò yóò kọ́ bí a ti ń lò wọ́n, kò sì ní kọ́ bí a ti ń rọ wọ́n.

Ohun tó tẹ̀ lé e fi hàn pé wọn kò parọ́. Nuclen ni wọ́n pe iléeṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti gba ọgbọ́n iṣẹ́ náà; Bràsíìlì ní ìpín 75 nínú ọgọ́rùn-ún, Kraftwerk Union ní 25. Ẹni tó bá wo ìpín náà yóò rò pé Bràsíìlì ni ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ìwé ìpìlẹ̀ tí àwọn onípìn-ín jọ fọwọ́ sí, tí wọ́n fi pamọ́ fún ará ìlú títí ìwé ìròyìn fi gbé e jáde ní 1979, fi ọ̀pọ̀ àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ sí ọwọ́ onípìn-ín kékeré.

Ọ̀nà tí Jámánì fẹ́ fi sẹ́ yùréníọ̀mù tún jẹ́ ìyọnu. Ọ̀nà tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń yí bìrìbìrì, ṣùgbọ́n òun, Họ́láńdì àti Bìrìtéènì ló jọ ni ín, àwọn méjì yòókù kò sì gbà kí ó kó o fún Bràsíìlì. Ohun tó wá fún wọn ni ọ̀nà ìfẹ́ afẹ́fẹ́ gba ẹnu ihò tóóró, tí ọ̀jọ̀gbọ́n Becker ṣe ní Karlsruhe, èyí tí kò tíì sí ibi kankan ní ayé tí wọ́n ti ń fi ṣòwò, tó sì ń jẹ iná mọ̀nàmọ́ná lọ́pọ̀lọpọ̀. Ó pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín pé ilé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ nítorí iná yóò kọ́kọ́ jẹ iná.

Èrò wọn lórí omi ló sì ṣòro jù láti dá lóhùn. Epo rọ̀bì kì í ṣe ohun tí Bràsíìlì fi ń tan iná. Ọkọ̀ ni wọ́n ń rọ ọ́ sí. Omi ni wọ́n fi ń tan iná, odò wọn kò sì tíì tán. Ní 1973 gan-an ni Bràsíìlì àti Paraguay fọwọ́ sí àdéhùn láti kọ́ ìdídò Itaipu, tí ìpele rẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan yóò mú 12,600 mẹ́gáwáàtì wá, èyí tó ju ti ẹ̀rọ mẹ́jọ Jámánì lápapọ̀ lọ. Ìdáhùn ìjọba ni pé iná tí orílẹ̀-èdè ń fẹ́ ń pọ̀ sí i kíákíá débi pé omi kò ní tó mọ́ kí ọ̀rúndún náà tó parí. Ìṣirò yẹn dá lórí ọdún díẹ̀ tí ọrọ̀ ajé fi ń gbèrú lọ́nà àrà. Wọ́n rò pé yóò máa rí bẹ́ẹ̀ títí. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà nínú àríyànjiyàn yìí tí ẹni tó bá kà á láti òkèèrè lè má fura sí. Nígbà tí Carter fúngun mọ́ Bràsíìlì, ọ̀pọ̀ àwọn tó kórìíra ìjọba ológun gbè é lẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ físíìsì wá wà láàárín méjì: bí wọ́n bá takò ó, a óò ní wọ́n ń bá Washington sọ̀rọ̀, bí wọ́n bá dákẹ́, owó ìlú yóò lọ. Wọ́n wá sọ pé Amẹ́ríkà kò ní ẹ̀tọ́ láti pàṣẹ, ìjọba náà kò sì ní ẹ̀tọ́ láti má bi ará ìlú. Ní 1977, ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Bràsíìlì, tí ìjọba kọ̀ láti ṣe ìrànwọ́ fún, wáyé ní yunifásítì ìjọ Kátólíìkì ní São Paulo, ó sì di ọ̀kan lára àwọn ibi díẹ̀ tí wọ́n ti lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sókè.

Ìwádìí, àti ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀

Ní Jámánì àti Họ́láńdì náà ọ̀rọ̀ náà dé ìgboro. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta 1978, ẹgbẹẹgbàárùn-ún ènìyàn wọ́de ní Almelo, níbi tí wọ́n ti fẹ́ sẹ́ yùréníọ̀mù fún Bràsíìlì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ìwé ìròyìn Der Spiegel gbé ìròyìn gígùn kan jáde nípa àṣìṣe àti owó tó ń ṣòfò ní Angra. Ohun tí àwọn ará ilé ti ń sọ fún ọdún mẹ́ta wá ní ìwọ̀n nítorí pé àlejò ló sọ ọ́. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀, Itamar Franco ti ẹgbẹ́ alátakò ni alága rẹ̀, ẹni tó di ààrẹ orílẹ̀-èdè náà lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá. Wọ́n bi àwọn mínísítà, àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ àti àwọn onímọ̀ físíìsì léèrè lójú gbogbo ayé: kí ló dé tí wọn kò pe àwọn akọ́lé mìíràn wá díje fún ìpìlẹ̀ Angra 2? Kí ló dé tí àwọn òpó ìpìlẹ̀ náà fi ń fún wọn ní wàhálà bẹ́ẹ̀? Ìgbìmọ̀ náà kò dá àdéhùn dúró. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìjọba tó ti lé àwọn aṣòfin kúrò nípò nígbà tó bá wù ú, kí ológun jókòó kí aráàlú máa bi í ní ìbéèrè kì í ṣe ohun kékeré.

Àwọn ológun kan náà ti rí i pé ọ̀nà Jámánì kò ní gbé àwọn débi tí wọ́n ń lọ. Láti 1979, Ọmọ Ogun Ojú Omi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn ní ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ní São Paulo, níbi tí olùbẹ̀wò Vienna kò lè dé. Ẹ̀rọ tó ń yí bìrìbìrì ni wọ́n ń rọ fúnra wọn. Ní oṣù kẹsàn-án 1987, Ààrẹ José Sarney kéde pé Bràsíìlì ti mọ̀ ọ́n sẹ́. Ìjọba kò gbà lẹ́nu pé àwọn onímọ̀ físíìsì ti sọ òtítọ́, síbẹ̀ ìkéde yẹn ni ẹ̀rí wọn: ọgbọ́n tí wọ́n fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ owó rà ní Bonn kò dé, èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn wá ló dé. Ó tún jẹ́ ẹ̀rí Carter lápá kan, torí ọdún kan ṣáájú ni ìwé ìròyìn Folha de S.Paulo ti tú àṣírí ihò jíjìn tí wọ́n gbẹ́ ní Serra do Cachimbo, tó yẹ fún dídán ohun abúgbàù wò. Ní 1990, Ààrẹ Fernando Collor lọ síbẹ̀ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ohun ìdí ihò sí i níwájú àwọn oníròyìn. Bràsíìlì àti Ajẹntínà dá àjọ kan sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e láti máa bẹ ara wọn wò, Bràsíìlì sì wọ inú àdéhùn ọdún 1968 ní 1998.

Nínú ẹ̀rọ mẹ́jọ náà, ọ̀kan péré ló ń ṣiṣẹ́. Gbèsè ilẹ̀ òkèèrè gba ọrùn Bràsíìlì mú ní 1982, owó sì tán. Ibi tí wọ́n yàn fún ẹ̀rọ kẹrin àti ìkarùn-ún, Juréia ní etíkun São Paulo, di ibi ìpamọ́ igbó àti ẹranko. Angra 1, ti Amẹ́ríkà, ń kú, ó ń jí débi pé àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní kòkòrò tó ń tàn lóru. Angra 2 bẹ̀rẹ̀ sí í mú iná wá ní ọdún 2000, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn Bonn. Angra 3 ṣì wà ní àìparí: wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n dá a dúró, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún dá a dúró, àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ti rà fún un sì ń jókòó nínú ilé ìkẹ́rùsí. Jámánì, tó tà á, ti pa àwọn ẹ̀rọ núkílíà tirẹ̀ tó kẹ́yìn ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 2023.

Òfin àgbà ọdún 1988 gba díẹ̀ lára ohun tí àwọn onímọ̀ físíìsì ń béèrè. Ó ní iṣẹ́ núkílíà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àlàáfíà nìkan, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Kò sí ẹ̀rọ amúnáwá tí wọ́n lè kọ́ sí ibikíbi láìjẹ́ pé òfin sọ ibi tí yóò wà. Oṣù kẹsàn-án ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ni àwọn ènìyàn kan tú ẹ̀rọ ìtọ́jú àìsàn tí wọ́n pa tì ní Goiânia, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ pa ènìyàn mẹ́rin. Kò kan àdéhùn Bonn, ṣùgbọ́n kò sí aṣòfin tó kọ òfin yẹn tí kò gbọ́ nípa rẹ̀.

Ní ti yùréníọ̀mù fúnra rẹ̀, Caetité ni wọ́n ti ń wà á láti ọdún 2000, ní àárín ìgbẹ́ gbígbẹ ìpínlẹ̀ Bahia, ìpínlẹ̀ kan náà tí ilé òrìṣà Ketu wà ní olú ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀nà rẹ̀ jìn gan-an sí etíkun. Ní oṣù karùn-ún 2011, ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé ẹrù olóró láti São Paulo dé ẹnu ọ̀nà ìlú náà lóru. Àwọn àgbẹ̀, àwọn àlùfáà àti àwọn ará ọjà ti jókòó sójú títì, wọn kò jẹ́ kí ó wọlé. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni pé: kí ló wà nínú rẹ̀, ta ni ó sì sọ fún wa pé ó ń bọ̀?